Ìwé Ìṣirò gẹ́gẹ́ bí Ìtàn: Ohun-Ìní Ilé-Iṣẹ́ Iná Mànàmáná lójú Onímọ̀ Lítíréṣọ̀

1. Ìfáárà



Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ìtàn àròsọ, ewì àti eré-onítàn, kí ni ó kàn án nínú tiransifọ́mà àti òpó iná? Àwọn kan tilẹ̀ lè sọ pé mo fi oko mi sílẹ̀, mo ń ro oko olóko.

Èsì mi kò gùn. Lọ́dọọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ ìwé jáde tí wọ́n fi ń sọ bí ọdún ti lọ fún wọn. Ìwé náà ní asọ̀tàn. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ó ní ohun tí asọ̀tàn pinnu láti sọ, ó ní ohun tí ó sọ ní gbólóhùn kan péré, ó sì ní ohun tí ó fi sí abẹ́ ewé. Ìwé tí ó bá ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, iṣẹ́ onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni láti kà á.

Apá kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Òun ni apá tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń lò fún ọdún púpọ̀. Mo sì yan ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè iná tàbí epo nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan olúkúlùkù wa. Ẹni tí kò ní ìpín ìdókòwò níbikíbi ń san owó iná. Iye tí a kọ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ jẹ́ sì wà lára ohun tí a fi ń ṣírò owó tí ó ń san.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn ìgbésí-ayé ni ìṣirò ohun-ìní jẹ́: a bí ohun-ìní, ó gbó, ó ṣàìsàn, ó kú, a sì sin ín. Ní ipele kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ní láti fi ojú inú wo ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ iye kan sílẹ̀. Bí àwa tí ń san owó kò bá mọ bí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí, àwa ni yóò máa san owó àsọdùn inú rẹ̀.

2. Ìṣirò àti Ìjíhìn

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó wúlò fún wa níhìn-ín. Èkíní ni ṣírò. Èkejì ni jíhìn. Ẹni tí ó bá ń ṣírò ń ka iye, ó ń rò ó pọ̀, ó ń yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá ń jíhìn ń jẹ́ ìhìn, èyí ni pé ó ń ròyìn. Bí a bá rán ọmọ lọ sí ọjà, tí ó padà dé, kì í ka owó tí ó ṣẹ́kù nìkan fún ìyá rẹ̀. Yóò sọ iye tí ó ra ata, yóò sọ ìdí tí ata fi wọ́n, yóò sì sọ ìdí tí ó fi ra ti ìsọ̀ kejì. Ìṣirò wà nínú ìjíhìn, ṣùgbọ́n ìjíhìn ju ìṣirò lọ.

Ọ̀rọ̀ ata yìí kò le, nítorí pé owó tí a fi ra ata tán ní ọjọ́ tí a jẹ ata. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ẹ̀rọ ńkọ́? Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ra ẹ̀rọ ní ọdún yìí, tí ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ fún 25 ọdún, ọdún wo ni owó náà tán? Bí a bá kà á sí ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ nìkan, yóò dà bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè ní ọdún náà, tí ó wá ń jẹ èrè ọ̀fẹ́ fún ọdún 24 tí ó tẹ̀lé e. Bí a kò bá kà á sí ìnáwó rárá, yóò dà bí ẹni pé ẹ̀rọ kì í gbó. Irọ́ ni méjèèjì. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn olùṣirò owó ń ta lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n àtisá fún irọ́ méjèèjì yìí ni.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ jìnnà, a nílò èdè-ìperí. Láti ọdún 1980 síwájú ni àwọn onímọ̀ èdè wa ti fi ara ṣiṣẹ́ láti wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá. A jẹ èrè iṣẹ́ náà títí di òní. A kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó. Nítorí náà mo dá àbá wọ̀nyí. Ohun-ìní tí a ń lò fún ọdún púpọ̀, mo pè é ní ohun-ìní alálòpẹ́. Iye ọdún tí a retí pé a ó fi lò ó ni ọjọ́-ìlò. Iye tí a retí pé a ó tà á nígbà tí ọjọ́-ìlò bá pé ni iye-àṣẹ́kù. Owó tí a ń yọ lọ́dọọdún nítorí pé ohun náà ń gbó, mo pè é ní owó-ogbó, gẹ́gẹ́ bí a ti ní owó-orí àti owó-èlé. Iye tí ó kù lẹ́yìn tí a ti yọ owó-ogbó ni iye-inú-ìwé. Àbá ni, ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù kí ó mú un wá.

3. Ìbí: Ta Ni Ó Ni Ín, Èló Ni Ó Jẹ́?

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní IAS 16. Ọdún 1982 ni ó kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà àgbáyé yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà ní ọjà ìdókòwò láti ọdún 2012. Ìlànà náà sọ pé ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pé kí ohun-ìní tó wọ inú ìwé: ó gbọ́dọ̀ jọ pé èrè yóò ti ara rẹ̀ wá fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú, a sì gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí ó ná wọn láìsí iyèméjì.

Iye yìí kì í ṣe owó ọjà nìkan. Owó ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, owó ibodè wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ tí ó gbé e wá wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni owó ìpìlẹ̀ tí a gbé e kà àti owó àwọn tí ó so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ayẹyẹ ìṣíde kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí a fi kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ti ń lò ó. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìbéèrè asọ̀tàn ni èyí: níbo ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, níbo sì ni kí a ti dúró kí a tó sọ pé ọmọ ti wáyé?

Ìbéèrè pé ta ni ó ni ohun-ìní le ju èyí lọ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ní ọdún 1950 ni òfin dá ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n dá NDA sílẹ̀ ní ọdún 1962 láti sé odò Ọya, wọ́n sì parí ìsédò Kainji ní ọdún 1968. Ní ọdún 1972 wọ́n pa méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní NEPA. Ní ọdún 2005 NEPA di PHCN, wọ́n sì pín in sí ilé-iṣẹ́ 18: mẹ́fà tí ń pèsè iná, ọ̀kan tí ń gbé e káàkiri orílẹ̀-èdè, àti 11 tí ń pín in dé ojúlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ìjọba fi ìdá 40 nínú 100 ìpín wọn sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Orúkọ ń yí padà. Òpó iná kò kúrò lójú kan. Nígbà tí orúkọ bá yí báyìí, ẹnìkan ní láti ka òpó, kí ó ka wáyà, kí ó sì sọ iye tí wọ́n jẹ́. Àwọn baba wa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù ìlú kò rí bẹ́ẹ̀: àìkà ni ó ń jẹ́ kí ó sọnù. Wọ́n sì tún sọ pé ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bí iye-inú-ìwé ohun-ìní ìlú bá kéré ju bí ó ti yẹ lọ ní ọjọ́ tí a ń tà á, ohun tí a tà lọ́pọ̀ nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Ẹ̀gbín àti Kainji. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbín, tí ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́fà lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì nígbà tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pé, ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìjọba tà. Ní ti Kainji, ìjọba kò ta ìsédò náà. Àṣẹ láti lò ó fún ìgbà kan ni ó fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni. Ẹni tí ó yálé lè tún un ṣe, ó lè jèrè nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ pé òun ni òun ni ín. Nítorí náà, bí a bá ń ka ìwé ilé-iṣẹ́ iná, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ kì í ṣe ‘èló ni?’, bí kò ṣe ‘ti ta ni?’

4. Ogbó: Ọjọ́ Ayé Ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò díjú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ra tiransifọ́mà ní ₦10,000,000. Ó san ₦500,000 fún ọkọ̀, ó sì san ₦1,500,000 fún ìpìlẹ̀ àti ìsopọ̀. Iye tí yóò wọ inú ìwé ni ₦12,000,000. Wọ́n fojú bù ú pé yóò ṣiṣẹ́ fún 25 ọdún, àti pé nígbà náà wọ́n lè ta bàbà àti irin ara rẹ̀ ní ₦2,000,000. Owó tí yóò gbó jẹ́ ₦10,000,000. Owó-ogbó ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦400,000. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, iye-inú-ìwé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦8,000,000.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni asọ̀tàn ti sọ pé 40 ọdún ni tiransifọ́mà náà yóò lò láyé. Owó-ogbó ọdún kọ̀ọ̀kan di ₦250,000. Èrè ọdún náà fi ₦150,000 pọ̀ sí i. Bí tiransifọ́mà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 1,000, èrè fi ₦150,000,000 pọ̀ sí i, láìjẹ́ pé iná tàn ní ilé ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó yí padà, nọ́ńbà náà sì jẹ́ èrò ọkàn nípa ọjọ́ iwájú.

Àwọn àgbà sọ pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ẹni tí ó bá fi ọdún kún ọjọ́-ìlò ẹ̀rọ lórí ìwé kò fi ọjọ́ kan kún ẹ̀mí ẹ̀rọ náà. Ọ̀la ń bọ̀. Ní ọdún tí tiransifọ́mà bá jó, tí iye-inú-ìwé rẹ̀ sì pọ̀, gbogbo owó-ogbó tí wọn kò yọ nígbà tí ó yẹ yóò já lé ọdún kan ṣoṣo lórí. Nítorí èyí ni ìlànà fi pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa tún ọjọ́-ìlò àti iye-àṣẹ́kù yẹ̀ wò ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ogbó yìí. Ìkíní, ilẹ̀ kì í sábà gbó nínú ìwé. Ilé tí ó wà lórí rẹ̀ ń gbó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúró. Èyí bá ìmọ̀ àwọn baba wa mu. Ìkejì, a kì í ka ẹ̀rọ ńlá sí ohun kan ṣoṣo bí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ní ọjọ́-ìlò tí ó yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá, ìkòkò ńlá tí ń se omi di ooru, àti ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù ní ọjọ́ ogbó tirẹ̀. Ìkẹta ni ó yẹ kí ó dùn wá jù lọ: ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ti wà ní ipò àtilò ni ogbó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dúró nítorí pé a kò lò ó. Tiransifọ́mà tí a gbé kalẹ̀ tí a kò rí iná fà sí i ń gbó nínú ìwé bí èyí tí ń tan iná tọ̀sán-tòru. Ìwé kì í bínú, ìwé kì í ráhùn. Ó kàn ń ka ọdún.

5. Àìsàn: Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe bá Wọ́n ju Wúrà lọ

Yàtọ̀ sí ogbó, àìsàn wà. Ọjà lè wó lulẹ̀, ìkún-omi lè ba ẹ̀rọ jẹ́, òfin lè yí padà. Ìlànà kejì, tí wọ́n ń pè ní IAS 36, sọ pé nígbà tí àmì àìsàn bá hàn, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: èló ni a lè rí bí a bá ta ohun yìí lónìí, tí a sì yọ ìnáwó títà rẹ̀? Èló ni yóò mú wá bí a bá ń lò ó lọ? Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni ìwé lè gbé. Bí iye-inú-ìwé bá ju èyí lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò, kí wọ́n sì fi àdánù náà hàn.

Àpẹẹrẹ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2004. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Shell kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo àti gáàsì tí òun ti kọ sílẹ̀ pé ó dájú ni kò yẹ kí ó wà ní ipò náà. Ó tó 3.9 bílíọ̀nù àgbá. Apá kan tí kò kéré nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta, alága ilé-iṣẹ́ náà fi ipò sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ náà: 120 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà, àti 17 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní Ìlú Ọba.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Kò sí ẹni tí ó sọ pé epo náà fò lọ. Ohun tí ó yí padà ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan. Epo ‘tí ó dájú’ di epo ‘tí ó ṣeé ṣe’. Ní kíláàsì gírámà, ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́ ohun tí a lè yọ kúrò tí gbólóhùn kò fi ní wó. Nínú ìwé ilé-iṣẹ́ epo, gbogbo ilé ni ó dúró lé e lórí. Ìdí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ epo kì í fi ọdún ka ogbó kànga wọn. Àgbá ni wọ́n fi ń kà á. Bí kànga kan bá ná wọn ní 100 mílíọ̀nù dọ́là, tí epo tí ó dájú nínú rẹ̀ sì jẹ́ 10 mílíọ̀nù àgbá, àgbá kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde yóò ru dọ́là 10 owó-ogbó. Bí ó bá wá hàn pé 8 mílíọ̀nù àgbá ni ó dájú, àgbá kọ̀ọ̀kan yóò ru dọ́là 12.50. Àsọdùn nípa ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ń mú kí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ dà bí èyí tí kò gbó.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n láàrin ogún ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra ìpín, ọ̀pọ̀ ti gba owó ìfẹ̀yìntì lórí ìpín náà, ìjọba pàápàá ti fi nọ́ńbà náà ṣe ètò ìnáwó. Àdánù wọn kò ṣeé dá padà pẹ̀lú òwe.

6. Ìsìnkú: Ta Ni Yóò Palẹ̀ Mọ́?

Nínú gbogbo ohun tí IAS 16 sọ, ọ̀kan wà tí ó jọ mí lójú jù lọ. Ó sọ pé bí ó bá jẹ́ dandan fún ilé-iṣẹ́ láti tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó fojú bu owó ìpalẹ̀mọ́ náà láti ọjọ́ tí ó ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, kí ó sì fi kún iye ohun-ìní náà. Èyí ni pé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni a ti ń ṣírò owó ìsìnkú. Ó lè dà bí èèwọ̀ létí wa. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó mọ̀ pé òun yóò kú, tí ó sì ń wọ ẹgbẹ́, tí ó ń dá èsúsù nítorí ọjọ́ náà, kò pe ikú. Ohun tí ó ṣe ni pé kò fẹ́ kí ìsìnkú òun di gbèsè lọ́rùn ọmọ.

Ní Oloibiri, ní ilẹ̀ Níjà Dẹ́tà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo tí ó tó tà ní Nàìjíríà, ní ọdún 1956. Ọdún 1958 ni epo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí òkèèrè. Ó ti pẹ́ tí kànga ibẹ̀ ti dákẹ́. Irin rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Nínú ìwé, ohun-ìní tí ó ti gbó tán jẹ́ òdo, a sì lè fa igi lé e lórí. Lójú àwọn tí ń gbé ní ìlú náà, òdo kọ́ ni. Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ti wá pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kó owó ìpalẹ̀mọ́ jọ sínú àpò ọ̀tọ̀ nígbà tí kànga ṣì ń mú owó wá. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti ń ta àwọn kànga orí ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ń rà mọ̀ bóyá ọmọ ni òun gbà tọ́, tàbí òkú ni òun gbà sin.

7. Tiransifọ́mà Àdúgbò

Mo ti wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tọ̀ wá. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí tiransifọ́mà bá jó, tí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná kò sì tètè dáhùn, àwọn ará àdúgbò a máa pe ìpàdé. Onílé yóò dá tirẹ̀, ayálégbé yóò dá tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ irin àti oníyìnyín yóò dá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò ra tiransifọ́mà, wọn yóò ra òpó, nígbà mìíràn wọn yóò tún san owó fún àwọn tí yóò so ó. Ní ọjọ́ tí iná bá tàn, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà. Wọ́n lè so ojúlé mìíràn mọ́ ọn, àwọn ará àdúgbò kò sì lè tú u.

Àwọn olùṣirò owó àgbáyé mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2009 ni ìtumọ̀ kan tí wọ́n pè ní IFRIC 18 jáde lórí rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni IFRS 15 ti rọ́pò rẹ̀. IFRIC 18 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń ṣàkóso ohun tí oníbàárà gbé fún un, ohun náà di ohun-ìní ilé-iṣẹ́, iye tí ó bá jẹ́ lọ́jà ni kí wọ́n sì kọ sílẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ná kọ́bọ̀ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé, yóò di owó tí ó wọlé fún wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn, ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ti pòórá.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni bí a ti ń ṣírò owó iná. Láti ọdún 2008 ni NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti ń lo ètò tí ó fi ohun mẹ́ta kọ́ owó tí oníbàárà ń san: ìnáwó ojoojúmọ́ ilé-iṣẹ́, owó-ogbó ohun-ìní rẹ̀, àti èrè lórí owó tí ó dókòwò sínú ohun-ìní náà. Ẹ fi méjì tí ó kẹ́yìn sọ́kàn. Bí tiransifọ́mà tí àdúgbò rà bá wọ inú ohun-ìní tí a fi ń ṣírò owó iná, tí àjọ tí ń ṣàkóso kò sì yọ ọ́ kúrò, àwọn ará àdúgbò yóò san owó-ogbó ohun tí wọ́n fi owó ara wọn rà, wọn yóò sì tún san èrè fún ẹlòmíràn lórí owó tiwọn. Ó dà bí ẹni tí ó fi aṣọ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, tí wọ́n wá ń gba owó ìyá-aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìṣe àwọn àjọ tí ń ṣàkóso owó iná ni láti yọ irú owó tí oníbàárà dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò èrè. NERC náà ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe ra ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ iná láìkọ àdéhùn tí yóò sọ bí wọn yóò ti gba owó wọn padà.

Àdéhùn. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni. Bí àdúgbò bá ra tiransifọ́mà láìkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó fi ìtàn lé ẹni kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti sọ.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti sọ kò ju báyìí lọ. Ìṣirò ohun-ìní alálòpẹ́ jẹ́ ìjíhìn, ìjíhìn sì jẹ́ ìtàn. Asọ̀tàn ni ó ń yan ọjọ́ ìbí, ó ń yan iye ọdún, ó ń yan ọjọ́ tí yóò gbà pé àìsàn wà, ó sì ń yan iye tí yóò fi sin òkú. Ìlànà ń dí i lọ́wọ́ kí ó má baà ṣe bí ó ti wù ú, ayẹ̀wé-owó-wò sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tí ó pé láìsí òǹkàwé, òǹkàwé ìtàn yìí kò sì tíì pọ̀ tó.

Àkókò tí a wà yìí mú kí ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Òfin iná ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Èkìtì àti Òndó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ lórí owó iná kò jìnnà sí wa mọ́. Ní ìlú wa ni yóò ti máa jókòó, láàrin àwọn tí ń sọ èdè wa. Bí ìyá aláta kan bá dìde níbẹ̀, tí ó sì fẹ́ béèrè bóyá tiransifọ́mà tí òun dá owó sí wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó tí òun ń san, ǹjẹ́ ó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè? Ǹjẹ́ ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá a lóhùn tí kì í ṣe kí wọ́n kàn ka Gẹ̀ẹ́sì sí i létí?

Nítorí náà mo fi ìdámọ̀ràn mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní, kí ẹ̀ka wa àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò owó jọ jókòó láti ṣe àkójọ èdè-ìperí ìṣirò owó ní Yorùbá, kí a sì fi í lọ àwọn ayẹ̀wé-owó-wò àti àwọn alájọ bákan náà. Èkejì, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ iná kọ ohun-ìní tí oníbàárà rà sí ojú-ìwé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, ọdún àti iye, kí wọ́n má sì gba èrè lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ìwé tirẹ̀: ọjọ́ tí a rà, iye tí a rà, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ wa, àti ìbọwọ́lùwé rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti wà lọ́jà yìí pẹ́ tó. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a mọ ìwé rẹ̀ kà.